Gbogbo Alángbá Ni Ó Da Inú Délẹ̀: Kí Ni Kókó Tí Ó Wà Nínú Ẹnu Yẹn?

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ìyá àgbàlagbà kan nínú ìjọ, ọ̀kan lára àwọn ògbó akọrin. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ahọ́n rẹ̀ kan ohun kan ní àjà ẹnu rẹ̀, ní apá ọ̀tún, níbi tí egungun ti ń parí lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Kò dùn ún. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Kò dí i lọ́wọ́ láti jẹun. Ó rò pé egungun ẹja ni ó gún òun, ó sì ń fi omi iyọ̀ fọ ẹnu. Nígbà tí ó yá, ó ra oògùn apakòkòrò ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì tí ó wà ní ìkóríta. Kókó náà kò lọ. Ní báyìí, ó ti tó kóró àgbálùmọ̀, eyín àtọwọ́dá tí ó ń lò kò sì jókòó dáadáa mọ́. Níkẹyìn, ó tọ olùṣọ́àgùntàn rẹ̀ lọ.

“Bàbá wa, ẹ bá mi gbàdúrà sí i. Ṣé kì í ṣe ọwọ́ ayé ni èyí?”

“Màmá, a óò gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti yẹ̀ ẹ́ wò fún yín?”

Ìyá yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. A fi í ṣe àpẹẹrẹ kí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lè yé wa yékéyéké. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá ní Nàìjíríà fi hàn léraléra pé ọ̀pọ̀ àwọn tí irú kókó bẹ́ẹ̀ yọ sí lẹ́nu ni ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó fi ara hàn dókítà. Ìbéèrè tí olùṣọ́àgùntàn yẹn béèrè ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí a gbà gbọ́ pé nínú ọ̀ràn kókó inú ẹnu, ohun tí ó ń gba ẹ̀mí là ju ohunkóhun lọ ni kí á tètè mọ orúkọ ohun tí ó wà níbẹ̀, kí ọ̀bẹ tàbí oògùn tó dé ibẹ̀.

Ibi Tí Itọ́ Ti Ń Wá

Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé itọ́ ní ilé tirẹ̀ nínú ara. Àwọn ẹ̀yà ara tí ń ṣe é ni a ń pè ní ẹṣẹ́ itọ́. Oríṣi mẹ́ta tí ó tóbi ni ó wà, méjì-méjì sì ni wọ́n: ọ̀kan níwájú etí kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lábẹ́ egungun àgbọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀kan lábẹ́ ahọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí àwọn mẹ́fà wọ̀nyí, àwọn kéékèèké kan wà tí iye wọn tó 600 sí 1,000. Wọn kò tóbi ju hóró jéró lọ, wọ́n sì fọ́n ká sí abẹ́ awọ inú ẹnu: nínú ètè, nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, lábẹ́ ahọ́n, àti ní àjà ẹnu ní pàtàkì. Èyíkéyìí nínú wọn lè di kókó.

Àrùn yìí ṣọ̀wọ́n. Iye tí àwọn onímọ̀ fojú bù fún ọdún 2020 ni pé àwọn tí jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ itọ́ mú ní gbogbo ayé lé díẹ̀ ní 50,000. Ní ọdún kan náà, àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú mú lé ní mílíọ̀nù méjì. Ìdí nìyí tí kò fi sí ìpolongo lórí rédíò nípa ẹṣẹ́ itọ́, tí dókítà mìíràn sì lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí ju ẹyọ mélòó kan lọ. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n kì í tètè wá sọ́kàn, ohun tí kì í bá sì í wá sọ́kàn ni ó máa ń pẹ́ kí a tó rí i.

Òfin kan wà tí àwọn oníṣègùn fi ń rántí ọ̀rọ̀ yìí: bí ẹṣẹ́ náà bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ìfura gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Nínú kókó márùn-ún tí ó bá yọ sí ẹṣẹ́ tí ó wà níwájú etí, nǹkan bí mẹ́rin ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn kókó tí ó bá ti inú ẹṣẹ́ kéékèèké ẹnu yọ, nǹkan bí ìdajì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá, ni ó máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ. Àjà ẹnu sì ni ó ti máa ń yọ jù lọ. Nítorí náà, kókó kékeré tí ìyá yẹn fi omi iyọ̀ fọ̀ fún ọdún méjì kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré.

Ojú Nìkan Kò Lè Mọ̀ Ọ́n

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kókó inú ẹnu rí. Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn tí ó sábà máa ń jọra wọn.

Èkíní ni egungun tí ó yọ ní àárín gbùngbùn àjà ẹnu. Ó le bí òkúta, awọ tí ó bò ó kò yí padà, ẹni tí ó ní in sì lè má mọ̀ pé òun ní in. Kì í ṣe àrùn, kò sì nílò ìtọ́jú àyàfi bí ó bá ń dí eyín àtọwọ́dá lọ́wọ́. Èkejì ni oówo tí eyín jíjẹrà fà. Ó máa ń dunni, ó máa ń gbóná, eyín tí ó fà á sì sábà máa ń wà nítòsí. Ẹ̀kẹta ni àpò itọ́ tí ó máa ń wú nígbà tí ènìyàn bá ti fi eyín gé ètè ara rẹ̀ jẹ. Ó rọ̀, ó lè wú, kí ó fọ́, kí ó tún wú. Ètè ìsàlẹ̀ ni ó fẹ́ràn, ó ṣọ̀wọ́n ní ètè òkè. Nítorí náà, bí kókó líle bá yọ sí ètè òkè ẹnikẹ́ni, kí olúwa rẹ̀ má ṣe fọkàn balẹ̀ pé àpò itọ́ lásán ni.

Ẹ̀kẹrin ni kókó ẹṣẹ́ itọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan àjà ẹnu ni ó sábà máa ń wà, níbi tí egungun ti pàdé ẹran rírọ̀, kì í sábà wà ní àárín gbùngbùn. Ó máa ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, fún oṣù tàbí ọdún, kì í sì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Àìdunni yìí gan-an ni ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ, nítorí a ti mọ́ ara wa lára láti gbà pé ohun tí kò bá dunni kò lè pani.

Àwọn àmì kan wà tí ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti ń le. Bí apá kan ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí àjà ẹnu bá ń kú tipiri, tàbí bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Bí eyín tí kò jẹrà bá ń mì. Bí kókó náà bá di egbò. Bí eyín àtọwọ́dá tí ó jókòó dáadáa tẹ́lẹ̀ kò bá wọlé mọ́. Bí kókó mìíràn bá yọ sí ọrùn. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ dúró de àwọn àmì wọ̀nyí. Jẹjẹrẹ lè wà láìsí ọ̀kankan nínú wọn.

Ààrẹ Kan Àti Àjà Ẹnu Rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn tálákà nìkan ni irú ìṣòro yìí ń dé bá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1893, àwọn dókítà rí ohun kan tí ó yọ ní àjà ẹnu Grover Cleveland, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà. Ètò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà ń mì lọ́dún yẹn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé bí aráyé bá gbọ́ pé jẹjẹrẹ mú ààrẹ, nǹkan yóò bàjẹ́ sí i. Nítorí náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìkọ̀kọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Oneida. Wọ́n gé apá kan egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi rọ́bà ṣe àfirọ́pò rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè já gaara. Nígbà tí oníwèé ìròyìn kan gbé e jáde, wọ́n sẹ́ kanlẹ̀.

Cleveland yè é, kò sì kú títí di ọdún 1908. Ṣùgbọ́n kí ni ohun tí ó wà ní àjà ẹnu rẹ̀? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní jẹjẹrẹ burúkú ni, àwọn kan ní kókó ẹṣẹ́ itọ́ ni, àwọn mìíràn sì ní kò tilẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ rárá. Ohun tí ó parí àríyànjiyàn náà ni pé àwọn dókítà ìgbà yẹn kò sọ ẹran tí wọ́n gé nù. Wọ́n fi í sínú ìgò ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Mütter ní ìlú Philadelphia. Ní ọdún 1975, wọ́n gba àyè láti yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìmọ̀ òde òní, wọ́n sì rí i pé oríṣi jẹjẹrẹ kan tí ó ń rọra dàgbà, tí kì í sábà tàn kálẹ̀, ni. Kì í ṣe ti ẹṣẹ́ itọ́.

Ohun méjì ni a rí kọ́. Àkọ́kọ́, ọgbọ́n dókítà tí ó fi ojú lásán wo kókó ní ààlà, ì báà jẹ́ dókítà ààrẹ. Èkejì, ẹran kékeré tí a fi pamọ́ bí ó ti yẹ lè sọ òtítọ́ lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n èyí tí a dà sínú garawa ìdọ̀tí kò ní sọ ohunkóhun mọ́.

Àṣìṣe Méjì Tí Ó Dojú Kọ Ara Wọn

Nígbà tí a bá sọ̀rọ̀ nípa àìmọ orúkọ àrùn, ohun tí ó sábà máa ń wá sọ́kàn ni jẹjẹrẹ tí a pè ní ohun tí kò tó nǹkan. Èyí burú púpọ̀. Ẹ wo oríṣi jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní adenoid cystic carcinoma. Nínú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, òun ni ó máa ń ṣe iwájú nínú jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ itọ́. Kì í yára dàgbà, ṣùgbọ́n ó máa ń gba ọ̀nà iṣan ìmọ̀lára rìn lọ sókè, bí ikán tí ń gba inú igi àjà lọ láìsí ẹni tí ó rí i. A lè gé e, kí ara ènìyàn le fún ọdún márùn-ún, kí ó tún yọjú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà mìíràn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹni tí ó gé e ní ìgbà àkọ́kọ́ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, kò ní gé e jìnnà tó, kò sì ní sọ fún aláìsàn pé kí ó máa padà wá fún àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kejì wà tí a kì í sábà sọ. Ní ọdún 1973, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà ṣe àpèjúwe egbò kan ní àjà ẹnu tí ó jọ jẹjẹrẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tan dókítà jẹ, àní lábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá pàápàá. Orúkọ tí wọ́n fún un ni necrotizing sialometaplasia. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibi ẹṣẹ́ itọ́ kan fún ìgbà díẹ̀, ẹran ibẹ̀ sì kú. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí a gún fún yíyọ eyín, tàbí lẹ́yìn ìfarapa mìíràn. Egbò náà máa ń jinlẹ̀, ó sì máa ń bani lẹ́rù. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá, ó máa ń jiná fúnra rẹ̀. Ṣáájú àkókò yẹn, àti lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, àwọn kan wà tí wọ́n ti gé àjà ẹnu wọn dànù nítorí ohun tí ì bá jiná láìsí oògùn.

Ẹ wá wò ó. Kókó mẹ́ta lè wà ní ojú kan náà nínú ẹnu ènìyàn mẹ́ta. Ti ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ pleomorphic adenoma, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó yẹ kí a yọ ọ́ lódindi pẹ̀lú èèpo rẹ̀, nítorí bí a bá fọ́ ọ, ìyókù rẹ̀ lè hù bí èso tí ó jábọ́ sí oko, bí a bá sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè di jẹjẹrẹ. Ti ẹnì kejì jẹ́ jẹjẹrẹ. Ó lè nílò kí a gé e pẹ̀lú egungun, kí a sì fi ìtọ́jú onítànṣán tẹ̀ lé e. Ti ẹnì kẹta ni egbò tí yóò jiná fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí ọ̀bẹ kàn án rárá. Ìrísí kan, ìtọ́jú mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fi ìtọ́jú ọ̀kan ṣe ti èkejì ti ṣe aláìsàn ní ìbàjẹ́ tí kò ṣeé túnṣe.

Bí A Ṣe Ń Mọ Orúkọ Rẹ̀

Báwo ni a óò ṣe mọ̀? Dókítà eyín tàbí oníṣẹ́ abẹ ẹnu yóò kọ́kọ́ béèrè ìtàn rẹ̀: ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó ń dàgbà, bóyá ibẹ̀ ń kú tipiri. Yóò fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò yẹ eyín ibẹ̀ wò, yóò sì yẹ ọrùn wò. Fọ́tò inú ara, pàápàá ti CT tàbí MRI, yóò fi hàn bóyá kókó náà ti jẹ egungun tàbí ó ti ń bá iṣan lọ. Nígbà mìíràn, wọn a fi abẹ́rẹ́ tínrín fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n fún kókó àjà ẹnu, ohun tí ó ń ṣe ìdájọ́ ni ẹran díẹ̀ tí a gé láti inú kókó náà, tí a fi sínú omi fọmalíìnì, tí a sì fi ránṣẹ́ sí dókítà onímọ̀ àrùn, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ẹran ara wò lábẹ́ awò.

Iṣẹ́ ẹni náà kò rọrùn. Nínú ìpínsísọ̀rí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, oríṣi jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ itọ́ nìkan lé ní ogún, láìka àwọn kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jọra. Orúkọ wọn pàápàá ń yí padà bí ìmọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Jẹjẹrẹ kan tí ó fẹ́ràn àjà ẹnu ni wọ́n fún ní orúkọ kan ní ọdún 1984, orúkọ tí ó fi hàn pé kò le púpọ̀. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé yí i padà sí polymorphous adenocarcinoma, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ tí ó ń fini lọ́kàn balẹ̀ náà kúrò, nítorí wọ́n ti rí i pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó máa ń rọ̀.

Ní ọdún 2010, Ọ̀mọ̀wé Alena Skálová ti ilẹ̀ Czech àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn kókó kan tí a ti ń pe orúkọ mọ̀ọ́ràn jẹ́ oríṣi ọ̀tọ̀, tí apilẹ̀ àbùdá rẹ̀ sì jọ ti jẹjẹrẹ ọmú kan tí ó ṣọ̀wọ́n. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni orúkọ tuntun yóò ṣe fún aláìsàn. Ìdáhùn rẹ̀ dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí oògùn larotrectinib, èyí tí ó ń bá àwọn kókó tí ó ní irú àbùdá náà jà. Ẹni tí a kò bá mọ orúkọ àrùn rẹ̀ kò lè mọ̀ pé oògùn rẹ̀ wà.

Níbo Ni Ọ̀rọ̀ Wa Dé?

Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, kì í ṣe pé a kò ní àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà, àti ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, gbogbo wọn ni ó ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín àti ẹnu. Ní ọdún 2019 ni ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ṣílẹ̀kùn ní Èkó, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ ìtànṣán ìgbàlódé. A yin àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ kò lè tọ́jú àrùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ rẹ̀, kò sì lè tọ́jú ẹni tí kò tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì.

Ibi mẹ́ta ni ọ̀nà ti ń dí. Àkọ́kọ́ ni ọ̀dọ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀: àìmọ̀, ẹ̀rù, àti owó ọkọ̀. Èkejì ni ibi tí a ti ń gé kókó tí a sì ń sọ ọ́ nù. A ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ará ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: “Wọ́n ti gé e fún mi rí.” Bí a bá sì béèrè pé kí ni èsì àyẹ̀wò wí, kò sí èsì, nítorí kò sí ẹran tí ó dé ibi àyẹ̀wò. Nígbà mìíràn, ẹran náà délé àyẹ̀wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi lásán ni wọ́n fi í sí, ó sì ti bàjẹ́ kí ó tó débẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni owó. Àwọn oògùn aró tí a fi ń yẹ ẹran wò, pàápàá àwọn àkànṣe tí ń ya oríṣi kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, ohunkóhun tí a bá fi dọ́là rà ti wọ́n gógó. Àpò aláìsàn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú sì ti ń jáde ní Nàìjíríà. Òfin tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2022 sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé orílẹ̀-èdè yìí, ó sì ṣètò owó àkànlò fún àwọn aláìní. Òfin rere ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ń jókòó sórí àga ìjọ wa lọ́jọ́ ìsinmi kò tíì forúkọ sílẹ̀. Ẹ fi kún un pé àwọn dókítà wa ń ṣí lọ sí òkè òkun, iṣẹ́ àwọn tí ó kù sì ń pọ̀ sí i.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń bá jà. Ní ọdún 2021, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ sọ pé nǹkan bí ìdá 47 nínú 100 àwọn ènìyàn ayé ni kò ní ànfààní tí ó tó, tàbí tí kò ní rárá, láti ṣe àyẹ̀wò tí a fi ń mọ àrùn. Ní ọdún 2023, àpéjọ gbogbogbòò ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìpinnu pé kí àwọn orílẹ̀-èdè fún ètò àyẹ̀wò lágbára. Lójú tiwa, èyí ni ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ìlera ilẹ̀ wa kọjú sí. A máa ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí a bá ṣí ilé ńlá, tí a bá sì gé rìbọ́nì, ṣùgbọ́n ta ni ó ń béèrè bóyá fọmalíìnì wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀? Ìgò fọmalíìnì kò wọ́n tó ẹ̀rọ ìtànṣán. Síbẹ̀, láìsí ìgò yẹn, ẹ̀rọ náà kò mọ ẹni tí yóò tọ́jú.

Ohun Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Wa

Ẹ̀yin olùṣọ́àgùntàn wa, ẹ̀yin ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń kọ́kọ́ sọ fún. Ìdáhùn tí olùṣọ́àgùntàn tí a fi ṣe àpẹẹrẹ fún ìyá yẹn ni ó tọ́: ó gbà láti gbàdúrà, ó sì béèrè ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Àdúrà kò ní kí ènìyàn má lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún aláìsàn pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó fà á tàbí pé àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Kódà sìgá, tí ó ń fa ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹnu, kò fi bẹ́ẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ itọ́. Ohun tí ó dájú tí a mọ̀ ni ìtànṣán: láàárín àwọn tí ó yè bọ́ nínú bọ́ǹbù Hiroshima àti Nagasaki ní ọdún 1945, àrùn náà pọ̀ sí i. Fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, kò sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi. Ẹni tí a bá dá lẹ́bi yóò fi àrùn rẹ̀ pamọ́, ìpamọ́ náà yóò sì pa á.

Ẹ̀yin ìyá ìjọ àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọkùnrin, ohun tí ẹ lè ṣe kò pọ̀ jù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ dúró níwájú dígí pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ bọ́ eyín àtọwọ́dá tí ẹ bá ní, kí ẹ sì wo àjà ẹnu, abẹ́ ahọ́n àti inú ètè. Ẹ fi ìka mímọ́ tọ́nítóní kan gbogbo rẹ̀. Kókó tàbí egbò tí kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, bí kò bá tilẹ̀ dunni. Kí àwọn òbí máa wo ẹnu ọmọ pẹ̀lú, nítorí bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àrùn yìí kò yọ ọmọdé sílẹ̀.

Bí dókítà bá fẹ́ gé ohunkóhun ní ẹnu yín, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀. “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ óò fi ẹran náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò? Ìgbà wo ni kí n wá gba èsì rẹ̀? Ṣé mo lè gba ẹ̀dà kan?” Kí ẹ sì padà lọ gbà á. Kí ẹ tọ́jú ìwé náà bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, nítorí ẹni tí yóò tọ́jú yín lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò béèrè fún un.

Àwọn ìjọ tí ó ní owó àánú lè ṣe ohun kan sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń dá owó nígbà tí iṣẹ́ abẹ ńlá bá délẹ̀, tí àrùn sì ti kọjá agbára. Bí a bá tètè san owó àyẹ̀wò àti owó ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, ó ṣeé ṣe kí owó iṣẹ́ abẹ má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláìsàn sì wà lódindi. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bákan náà, àwọn ìjọ lè pe àwọn òṣìṣẹ́ adójútòfò ìlera wá sí gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìsìn, kí àwọn arúgbó àti aláìní lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá akọrin tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kò ì mọ ohun tí ó wà ní àjà ẹnu òun. Ó lè jẹ́ èyí tí a óò yọ, tí yóò sì tán síbẹ̀. Ó lè jẹ́ èyí tí yóò gba ìtọ́jú ọdún pípẹ́. Àwa tí a ń wò ó láti òde kò lè mọ̀, olùṣọ́àgùntàn rẹ̀ kò lè mọ̀, dókítà tí ó kàn fi ojú wò ó náà kò lè mọ̀. Ẹran díẹ̀ nínú ìgò kékeré kan ni yóò sọ ọ́. Kí ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn jù nínú ìjọ bá a dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ lọ.